Ojú Ìwé Kẹta

Leeds, Ìlú Ọba.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2024.

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́ ilé, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú ọjọ́ òjò. Ṣé orúnkún yẹn ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Ṣé Bọ̀dá Ṣàmsúdéènì ń ti oko yà kí yín, ṣé Adérónkẹ́ sì ń wá láti Ìkirè bó ṣe ṣèlérí? Bàbá Humairah ní kí n kí yín. Òtútù ti bẹ̀rẹ̀ níbí, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó sì ń mú ẹ̀yìn dun èèyàn, ṣùgbọ́n àlàáfíà la wà, alhamdulillah.

Ẹ má bínú pé ìwé ni mo kọ, tí mi ò pè. Tí mo bá pè, "ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi" ló máa ń gba gbogbo àkókò wa, kí a sì tó dé ìdí ọ̀rọ̀, Humairah á ti já fóònù gbà lọ́wọ́ yín. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ gba ìfarabalẹ̀.

Àpò tí Olúmidé ọmọ Ìkòyí gbé wá, ìpara orúnkún àti ṣáálì nìkan ló jẹ́ tiyín níbẹ̀. Ti Humairah ni ìyókù. Ìwé àwòrán ni. Ọ̀kan wà fún àwọ̀, ọ̀kan wà fún ohun tó rí róbótó àti ohun tó ní igun, ọ̀kan wà fún ohun tó yàtọ̀ síra, bíi ńlá àti kékeré, òkè àti ilẹ̀. Èyí tó kù, ìwé oǹkà, èmi fúnra mi ni mo ṣe é. Wọ́n máa ń bá èèyàn tẹ irú rẹ̀ níbí tó bá ti fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wọn. Èyí tí wọ́n ń tà, ehoro ni wọ́n fi ń ka nǹkan níbẹ̀, mo sì ní ibo ni ọmọ mi ti mọ ehoro. Ohun tó mọ̀ ni kó máa kà. Ẹ ṣí i, ẹ máa rí i: ení, ẹ̀yin rèé lórí àga yín. Èjì, ewúrẹ́ Ìyá Bọ́sẹ̀ aládùúgbò wa. Ẹ̀ta, Bọ̀dá Ṣàmsúdéènì, èmi àti Adérónkẹ́ àbúrò mi, àwa ọmọ yín, lọ́jọ́ Iléyá níwájú ilé. Ẹ̀rin, àwọn ìkòkò yín. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ títí dé ẹ̀wá.

Ìdí tí mo fi ń dààmú nìyí. Ìwé ìrìnnà Humairah ti ń lọ dáadáa. Tí Ọlọ́run bá fẹ́, ó máa ti wà lọ́dọ̀ wa kí iléèwé tó wọlé lóṣù kẹsàn-án ọdún tó ń bọ̀. Tó bá ti wọlé, tíṣà máa pè é jókòó láti wo ohun tó mọ̀. Ọmọ tí kò bá mọ ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀, wọ́n á yọ ọ́ sí apá kan, ọ̀rọ̀ náà á sì máa tẹ̀ lé e láti kíláàsì dé kíláàsì. Mo ti rí i lára ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan. Ẹ̀rù ń bà mí, Màmá. Ọmọ tí kò tíì lè rìn dáadáa ni mo fi sílẹ̀ fún yín, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò ó kó ní àwọn tó wà nílé ò kọ́ ọ ní nǹkan kan.

Ẹ jọ̀ọ́, lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun àsárì, kí ẹ máa ṣí ọ̀kan pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ìdajì Àpòmù ní oǹkà ní pírámárì kìíní. Èmi náà wà ní kíláàsì yẹn, mi ò sì tíì gbàgbé pàṣán yín. Ẹ má lo pàṣán fún Humairah o.

Èmi ni ọmọ yín,
Àìṣát Àṣàkẹ́.


Àpòmù.
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Ẹ kú òtútù, ẹ kú ìlú onílùú. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí iṣẹ́ tí ẹ̀ ń ṣe já sí asán. Ara mi yá. Orúnkún ń ṣe bó ṣe wù ú, ìpara rẹ sì ń rọ̀ ọ́ lójú díẹ̀díẹ̀. Adérónkẹ́ ti fojú sí ṣáálì mi, mo ní kó lọ bímọ tirẹ̀ kó rán an lọ sí ìlú òyìnbó.

Àwọn ìwé náà dé ọwọ́ Humairah, Àbẹ̀kẹ́ mi. Ti àwọ̀, ó ń gbé e sùn. A ti jọ jiyàn lórí dodo Ìkirè tí mo rà fún un, èmi ní pupa ni, òun ní dúdú ni. Ó lọ mú ìwé, ó gbé dodo sórí rẹ̀, ó sì borí mi. Epo wà lójú ìwé náà báyìí, má bínú. Nínú ìwé ńlá àti kékeré, wọ́n ya ọmọ òyìnbó kan tó dúró sínú nǹkan funfun tó bo ilẹ̀ lọ, ọmọ rẹ ní inú gàrí ló wà. Mo ronú bí mo ṣe máa ṣàlàyé yìnyín fún un, ó rẹ̀ mí, mo jẹ́ kó jẹ́ gàrí.

Ìwé oǹkà, o ṣe é dáadáa, ọwọ́ rẹ dára. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí o fi èèyàn síbẹ̀? Ṣé o ti gbàgbé pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ ni? Ìkòkò wà, ọsàn wà, kókó tí wọ́n sá sẹ́bàá títì ń bẹ níbí lọ rẹrẹ. O ò bá fi kókó ṣe é. Àwọn ojú ìwé tó kù, à ń kà wọ́n. Ti ẹ̀ta yẹn, fi í sílẹ̀ fún mi, mo mọ bí mo ṣe máa ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kan dùn mí nínú lẹ́tà rẹ. O ní o ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé àwọn tó wà nílé ò kọ́ ọmọ rẹ. Ta ló wà nílé, Àṣàkẹ́? Ṣé mo ní ẹlòmíràn níbí ni? Bí ọmọ bá jí, èmi ló ń wò. Bó bá sùn, èmi ló ń wò. Mi ò sọ ọ́ kí o lè tọrọ àforíjì, mo kàn sọ ọ́ kó lè kúrò nínú mi.

Ṣàmsúdéènì kí ọ. Kókó ọdún yìí ṣe é láǹfààní. Ó ní kí n bá òun lọ sí Ìbàdàn lọ rí dókítà orúnkún, mo ní mi ò lọ. O mọ̀ pé n kì í gba ọ̀nà Aṣéjíré. Kí ó mú mi lọ sí Gbọ̀ngán, dókítà wà níbẹ̀ náà.

Kí ọkọ rẹ fún mi. Oǹkà kì í ṣe ohun tí à ń fi ìkánjú kọ́ ọmọ.

Èmi ni ìyá rẹ.


Leeds.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kìíní, ọdún 2025.

Màmá mi,

Ẹ kú ọdún tuntun, ẹ kú ọyẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ìbínú ka lẹ́tà yìí. Inú tèmi náà ò dùn bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ẹ rántí ọjọ́ tí a pè, tí Adérónkẹ́ bá wa di fóònù mú. Bàbá Humairah ní kí ọmọ ka ìwé oǹkà fún àwọn. Ó ka ewúrẹ́ dáadáa, ó sì dùn mọ́ wa. Ó dé ojú ìwé kẹta. Ó fi ìka lé Bọ̀dá, ó fi lé mi, ó fi lé Adérónkẹ́, "ení, èjì, ẹ̀ta." Ó tún wá fi ìka lu ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní, "ẹ̀rin." Bàbá rẹ̀ ní kó tún un kà. Ẹ̀rin náà ló ní. Wọ́n lọ mú ṣíbí mẹ́ta, wọ́n nà án sójú fóònù. Ọmọ mi ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn fóònù bíi pé nǹkan bọ́ sílẹ̀, ó sì ní ẹ̀rin.

Màmá, ẹ wà lórí àga lẹ́yìn rẹ̀. Mo rí yín. Ẹ ò tọ́ ọ sọ́nà. Ilẹ̀ lẹ̀ ń wò.

Mo ní bóyá oorun ló ń kùn ún. Ṣùgbọ́n nígbà tí iléèwé jẹ́léósinmi rẹ̀ kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, Adérónkẹ́ fi í ránṣẹ́ sí wa: Humairah mọ àwọ̀, ó mọ orin, ó ń pe mẹ́ta ní mẹ́rin, wọ́n sì ti gbìyànjú títí, kò gbà. Èyí kì í ṣe ọmọ tí wọn ò kọ́. Ẹnì kan ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ta ló kọ́ ọ?

Ẹ ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Mo gbọ́. Fọ́tò ni mo fi síbẹ̀, mi ò ka ọmọ fún ẹnikẹ́ni. Tí ẹ bá sì fẹ́ torí àṣà fo ojú ìwé kan, kí ẹ fò ó. Ọmọ tó máa lọ jókòó síwájú tíṣà òyìnbó láìpẹ́, ṣé òun ló yẹ kó jìyà àṣà wa ni?

Bàbá Humairah ti bá Àǹtí Morónkẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n wọn tó wà ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Àwẹ̀, Àǹtí máa wá mú Humairah, kó wà lọ́dọ̀ wọn títí ìwé rẹ̀ á fi jáde. Iléèwé tí àwọn ọmọ wọn ń lọ dára. Mo jà fún yín, Ọlọ́run ń gbọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n bi mí pé kí ni Màmá ń ṣe pẹ̀lú ọmọ látọjọ́ yìí. Ẹ bá mi wá ohun tí mo lè sọ fún wọn.

Ọmọ yín,
Àìṣát.


Leeds.
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kejì, ọdún 2025.

Màmá,

Mi ò rí èsì. Adérónkẹ́ ní ẹ̀ ń kọ lẹ́tà, ẹ̀ ń fà á ya. Tí mo bá pè, Humairah lẹ̀ ń gbé fóònù fún, ẹ ò sì í bá mi sọ̀rọ̀ kọjá "a dúpẹ́."

Àwẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Àǹtí Morónkẹ́ ti ra bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Tí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ bá mi wí. Ìbáwí yín mọ́ mi lára, èyí tí ẹ̀ ń ṣe yìí ni kò mọ́ mi lára.

Àìṣát.


Àpòmù.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹta, ọdún 2025.

Àṣàkẹ́,

Ẹ kú àwẹ̀. Kí Ọlọ́run gbà á ní ìjọsìn lọ́wọ́ gbogbo wa.

Òótọ́ lo sọ, mo dákẹ́. Èyí tí mò ń kọ yìí, mi ò ní jẹ́ kí Adérónkẹ́ fi fóònù yà á ránṣẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, torí ọ̀rọ̀ tiẹ̀ náà wà nínú rẹ̀. Olúmidé tún wá sílé, ó ń padà lọ́sẹ̀ yìí. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo fi í rán.

Kò sí ohun tó ṣe ọpọlọ ọmọ rẹ. Èmi ni mo kọ́ ọ pé ẹ̀rin ni.

Wá fọ́tò tí o fi ṣe ojú ìwé kẹta, kí o wò ó dáadáa. Ṣàmsúdéènì wà lápá kan, ìwọ wà láàárín, Adérónkẹ́ wà lápá kejì, ibi tí o ti gé e. Wo èjìká Adérónkẹ́. Ọwọ́ kan wà níbẹ̀. O gé ẹni tó ni ọwọ́ kúrò, o gbàgbé ọwọ́ rẹ̀.

Mi ò bínú sí ọ. Mo mọ̀ pé àánú mi ló ṣe ọ́, o ò fẹ́ kí n ṣí ìwé ọmọdé kí n bá àbúrò yín tó ti kú pàdé níbẹ̀. Láti ọdún tí ọkọ̀ tó gbé Nasrullah bọ̀ láti Ìbàdàn ti dojú dé ní Aṣéjíré, òní ni mo kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Wọn ò fi sàréè rẹ̀ hàn mí, torí a kì í mú ìyá mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Kí wọ́n tó ti ibẹ̀ dé, àwọn àgbà ti ní kí Ṣàmsúdéènì kó gbogbo fọ́tò rẹ̀ kúrò lára ògiri, kí ọgbẹ́ náà lè tètè jiná. Wọn ò ṣe é láti fìyà jẹ mí. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, èmi náà ti bá wọn ṣe é nílé onílé rí. Láti ìgbà náà, ẹ̀yin ọmọ mi, àwọn ará àdúgbò, kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ létí mi mọ́.

Nígbà tí mo ń ṣe tíṣà, èmi náà rò pé àṣà àwọn aláìmọ̀wé ni a kì í ka ọmọ. Lẹ́yìn tí Nasrullah lọ, mo lóye rẹ̀. Èèyàn á pàdé mi lọ́jà, á ní, "Màmá, ọmọ mélòó lẹ bí?" Tí mo bá ní mẹ́ta, mo ti fi ẹnu ara mi sin ín lẹ́ẹ̀kejì. Tí mo bá ní mẹ́rin, wọ́n á ní kí ni ìkẹrin ń ṣe báyìí. Mo wá mọ̀ ọ́n sọ pé, "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á sì jẹ́ kí n máa lọ. Abẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń sá sí, Àṣàkẹ́. Ó dá mi lójú pé ìyá tó ti ṣòfò ló dá a sílẹ̀. Ìwé rẹ ló kọ́kọ́ bi mí léèrè tí mi ò rí ibi sá sí.

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ ṣí i, mo fẹ́ fo ojú ìwé náà, ọmọ rẹ ò gbà. Ó ka orí yín, ó ní ẹ̀ta. Ó wá fi ìka kan ọwọ́ yẹn. Ó ní, "Màmá, ọwọ́ ta nìyí?"

Gbogbo ilé yìí, kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi rí. Mo ní, "Ẹ̀rin ló ni ín." Ó ní ibo ni ẹ̀rin wà, mo ní ó wà lẹ́yìn ìwé. Ó ṣí ìwé náà síwájú, ìkòkò ló bá, ó sì tún ṣí i padà.

Láti ọjọ́ náà ló ti di iṣẹ́ wa. Tó bá kà á dé ẹ̀ta, màá ní kó tún un kà, títí ìka rẹ̀ á fi dé ọwọ́ yẹn, tí á ní ẹ̀rin, tí inú mi á dùn. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Oǹkà ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo mọ̀ pé ọmọ tí a bá fi ẹ̀rin sí ibi ẹ̀ta fún, ẹ̀ta á sọ nù mọ́ ọn lọ́wọ́. Mi ò lè dáwọ́ dúró. Nígbà tí ọkọ rẹ na ṣíbí yẹn, ẹ̀yin rò pé kò mọ̀ ọ́n kà. Èmi tí mo wà lẹ́yìn rẹ̀ mọ̀ pé ó ń wá ìkẹrin ni. Ọmọ náà ti gbà pé ibikíbi tí mẹ́ta bá wà, ẹnì kan ṣẹ́ kù tí wọn ò jẹ́ ká rí. Ìtìjú ló jẹ́ kí n máa wo ilẹ̀.

Òfò tèmi ni, kò yẹ kí n gbé e ru ọmọ kékeré. Tí Morónkẹ́ bá dé lẹ́yìn ọdún, mi ò ní bá a jà. Mo ti ń fọ aṣọ Àbẹ̀kẹ́ sílẹ̀, mo sì ti sọ fún un pé ó ń lọ síbi tí ọmọdé pọ̀ sí. Ó bi mí bóyá a jọ ń lọ ni.

Ohun kan ni mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ rẹ. Apá tí o gé kúrò lára fọ́tò yẹn, ṣé ó wà lọ́wọ́ rẹ? Ojú Nasrullah ti ń sá fún mi. Mo lè rántí ohùn rẹ̀, mo lè rántí bó ṣe ń ṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n tí mo bá ní kí n rí ojú rẹ̀, ojú Ṣàmsúdéènì ni mo máa ń rí.

Ìyá rẹ.


Leeds.
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta, ọdún 2025.

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀, mi ò sì tíì dìde. Fóònù ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, Adérónkẹ́ ló máa bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde nílé onífọ́tò ní Ìkirè, torí mi ò lè dúró de ẹni tó ń bọ̀ nílé. Mo ti ka lẹ́tà yín fún un. Ẹ má bínú sí wa. Ó ní òun ti rí ọwọ́ yẹn lọ́jọ́ tí ìwé náà dé, òun kàn ń gbàdúrà kí ẹ má rí i ni.

Ọjọ́ tí mo gé fọ́tò yẹn, mo sunkún. Mo rò pé mò ń tọ́jú yín. Kò sí ọjọ́ kan tí mi ò wo fọ́tò Nasrullah níbí, òun ló wà lójú fóònù mi, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí pé ẹ̀yin tí ẹ bí i ò ní ẹyọ kan. Àwa ọmọ yín jẹ́ kí ẹ dá nìkan wà nínú ilé tó kún fún èèyàn. Ó dùn mí dé egungun.

Bàbá Humairah ka lẹ́tà yín. Wọ́n jókòó sí ìdáná, wọ́n tún un kà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe Àǹtí Morónkẹ́ pé kí wọ́n má wá mọ́. Humairah ò lọ sí Ìbàdàn. Ọ̀dọ̀ yín ló máa wà títí èmi fúnra mi á fi wá mú un lóṣù kẹjọ. Tí mo bá sì dé, èmi àti ẹ̀yin àti Bọ̀dá àti Adérónkẹ́ máa jókòó, a máa sọ̀rọ̀ Nasrullah títí ó fi máa sú wa.

Ẹ bá mi kọ́ Humairah pé ṣíbí mẹ́ta, mẹ́ta ni, ọsàn mẹ́ta, mẹ́ta ni. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yín ló gbà gbọ́.

Fọ́tò náà wà nínú àpò ìwé yìí, odindi rẹ̀, láìgé. Nasrullah ló wà ní ìkángun, ọwọ́ rẹ̀ wà léjìká Adérónkẹ́. Ẹran wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Màmá, ẹ má dá nìkan ṣí i. Ẹ pe Humairah kó wá síbẹ̀. Tó bá bi yín pé ta nìyí, ẹ dárúkọ rẹ̀ fún un.

Ọmọ yín,
Àṣàkẹ́.